Ohun tí owó wúrà Una àti kìnnìún kọ́ mi

Yàrá ìwòran ilé gbàǹjo kan ní London ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka owó àtijọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé àwo owó síwájú àwọn oníbàárà tó wá yẹ ọjà wò kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé, kí n jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi wò ó tán, kí n sì dá ẹyọ kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti bá pàdé níbẹ̀, kò sí èyí tó yí èrò mi nípa wúrà padà tó owó wúrà pọ́n-ùn márùn-ún ti ọdún 1839, èyí tí àwọn tó ń kó owó jọ ń pè ní Una and the Lion. Ó ti pẹ́ tó ti wù mí kí n kọ nípa rẹ̀ lédè wa. Àwọn èèyàn wa tó ń bi mí nípa owó àtijọ́ ń pọ̀ sí i, ohun tí wọ́n sì ń rí kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ju iye tí wọ́n tà á lọ.

Ilé alágbẹ̀dẹ wúrà ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ṣiṣẹ́ wúrà ní Ìsàlẹ̀ Èkó títí ojú wọn kò fi ríran kedere mọ́. Láti kékeré la ti ń bá wọn gbá ìdí iṣẹ́, a ò sì gbọ́dọ̀ da ilẹ̀ tí a gbá nù, torí wúrà wà nínú ekuru ibẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀gbà ọrùn dé, bàbá mi á fi fa ìlà sórí òkúta dúdú kan, wọ́n á kán ásíìdì sójú ìlà náà, wọ́n á wo bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ṣe, kárátì rẹ̀ á sì hàn sí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa gbé e sórí ìwọ̀n. Kárátì àti ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ iye ti parí nìyẹn. Ọnà ara ẹ̀gbà náà kì í bá wọn dá sí i, nítorí inú iná ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ìmọ̀ yìí ni mo gbé dé ìlú ọba, inú mi sì dùn pé mo ní in, torí ó ṣì ń gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀tàn títí dòní. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ, owó Una yìí ló sì fi ibẹ̀ hàn mí.

Owó náà fẹ̀ tó mìlímítà 38, ó sì wúwo tó gíráàmù 39 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kárátì 22 ni, bí ti gbogbo owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà: ìdá 22 nínú 24 jẹ́ wúrà, ìyókù jẹ́ bàbà tàbí irú irin bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi mú un le. Ní ojú kan, orí Ọbabìnrin Victoria ló wà níbẹ̀, ọmọge ṣì ni, ó kọjú sí òsì, wọ́n fi ọ̀já di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Ní ojú kejì, ọbabìnrin náà dúró nínú aṣọ gígùn, ọ̀pá àṣẹ wà lọ́wọ́ kan, bọ́ọ̀lù àṣẹ alágbèélébùú wà lọ́wọ́ kejì, kìnnìún ńlá kan sì ń rìn pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìnì ló yí i ká, àdúrà ni, wọ́n ní kí Ọlọ́run máa tọ́ ìṣísẹ̀ òun. Ẹni tó mọ Sáàmù 119 yóò mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ọdún wà, MDCCCXXXIX, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fín in: W. Wyon, R.A.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e sí mi lọ́wọ́, ọ̀gá mi ní kí n má wo orí ọbabìnrin náà rárá, kí n gbé awò sójú, kí n wo gọ̀gọ̀ kìnnìún. Mo wò ó. Irun náà ò rí bákan náà: níbi ọrùn ó pọ̀, ó wé mọ́ra wọn, nígbà tó dé èjìká ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, títí tó fi di awọ ara ẹranko náà láìsí ibi tí èèyàn lè na ìka sí pé ibí ló ti parí. Mo ti rí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ láti kékeré, mo mọ ohun tí ó gbà kí èèyàn tó fi irin fín nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún wá jẹ́ ìyanu fún mi ni pé òdì ni wọ́n ń fín òǹtẹ̀, irin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó. Ibi tó máa yọ lórí owó ni wọ́n máa gbẹ́ jìn sínú òǹtẹ̀, ọwọ́ òsì á di ọ̀tún, lẹ́tà á kọjú sẹ́yìn. Inú irin ni wọ́n ti ń ṣe é, bí ẹ̀rọ ìfín bá sì yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ lè bà jẹ́.

William Wyon tó ṣe é, ìlú Birmingham ni wọ́n bí i sí ní 1795, inú ìdílé tí iṣẹ́ òǹtẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ àjogúnbá. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìtàn rẹ̀, nítorí bó ṣe rí nílé tiwa náà nìyẹn. Ó wọ Royal Mint, ilé tí ìjọba ti ń rọ owó, nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀. Ó sì bá ẹlòmíràn níbẹ̀, Benedetto Pistrucci, ará Ítálì, ẹni tó ya St George lórí ẹṣin tó ń gún dírágónì pa, àwòrán tó kọ́kọ́ hàn lórí owó wúrà sovereign ní 1817. Àwọn méjèèjì ò gba tara wọn. Ní 1828, wọ́n fi Wyon ṣe olórí àwọn tó ń fín òǹtẹ̀, oyè Chief Engraver, wọ́n sì wá oyè mìíràn fún Pistrucci, Chief Medallist. Ní 1838, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, Royal Academy, gba Wyon wọlé, ibẹ̀ ni R.A. tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ti wá. Òun náà ló ya orí Victoria sórí mẹ́dàlì kan ní 1837, orí yẹn sì ni wọ́n wò ṣe sítáǹpù Penny Black ti 1840, sítáǹpù àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé.

Ọmọ ọdún 18 ni Victoria nígbà tó gorí ìtẹ́ ní oṣù kẹfà 1837. Ìlú ò tíì mọ irú ẹni tó máa jẹ́. Àárín ìgbà yìí ni Wyon mú ìtàn Una látinú ewì Edmund Spenser, The Faerie Queene, tó ti wà láti ọdún 1590: ọmọbìnrin tó dúró fún òtítọ́, tí kìnnìún fẹ́ pa jẹ ṣùgbọ́n tí ìwà mímọ́ rẹ̀ sọ ẹranko náà di ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Wyon fi ojú ọba tó wà láàyè wọ ọmọbìnrin inú ìtàn yẹn. Lójú tèmi, ìgboyà gidi ni. Kìnnìún dúró fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ohun tí àwòrán náà sì ń wí ni pé ọmọdébìnrin yìí lè da ẹranko tó lágbára báyìí láìfi pàṣán lé e. Oríkì ni, wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹ wá wò ó o, owó yìí ò jáde sí ìgboro rí. Kò sẹ́ni tó fi ra búrẹ́dì. Ohun tí wọ́n ń pè ní pattern nìyí, owó àpẹẹrẹ: oníṣẹ́ ọnà á ṣe òǹtẹ̀, wọ́n á rọ ìwọ̀nba díẹ̀ kí àwọn aláṣẹ lè rí bí yóò ṣe rí, bí wọn ò bá gbà á, ibẹ̀ ló parí sí. Sovereign tí aráàlú ń ná láyé Victoria ọmọge, apata tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ló wà lẹ́yìn tirẹ̀, kì í ṣe kìnnìún. Pọ́n-ùn márùn-ún wúrà fúnra rẹ̀ kò jáde fún gbogbo ènìyàn láyé Victoria títí di 1887, dírágónì Pistrucci ni wọ́n sì fi sẹ́yìn èyí náà. Una wà nínú àkójọ ẹyọ 15 ti 1839 tí wọ́n rọ fún àwọn olówó tó fẹ́ràn ọnà, láti orí ìdá mẹ́rin kọ́bọ̀ dé orí pọ́n-ùn márùn-ún. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kan fi ní kí á pè é ní proof, owó tí a rọ pẹ̀lú ìtọ́jú àkànṣe, tí àwọn mìíràn sì fi í sínú ìwé owó àpẹẹrẹ. Èmi wà pẹ̀lú àwọn tó ń pè é ní pattern. Bí wọ́n ṣe rọ̀ ọ́ jẹ́ ti proof lóòótọ́, àmọ́ kò sí àṣẹ kankan tó sọ ọ́ di owó ìná.

Nǹkan bí 400 ni wọ́n gbà pé wọ́n rọ. Níbi ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń tà á ni ìmọ̀ ilé wa ti dúró. Wúrà gidi tó wà nínú ẹyọ kan kò pé gíráàmù 37. Bàbá mi lè fi orí ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó mu omi tán. Síbẹ̀, èyí tó bá mọ́ dáadáa nínú wọn, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni wọ́n ń dá lé e ní gbàǹjo. Mo pe bàbá mi lórí fóònù, mo sọ fún wọn.

“Gíráàmù mélòó lo ní?” ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí.

“Bíi mọ́kàndínlógójì ni, sà.”

“Kárátì ńkọ́?”

“Méjìlélógún ni, sà.”

Wọ́n dákẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣírò. “Ìwọ ọmọ yìí, kí ló wá kù tí wọ́n ń san owó lé lórí?”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Fọ́tò inú ìwé ọjà ni, tí gbogbo ayé lè rí, àbúrò mi sì bá wọn fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n béèrè irú irin tí wọ́n fi fín in, wọ́n béèrè bóyá iná fìtílà ni wọ́n fi ríran. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ọwọ́ ọkùnrin yìí ò gbọ̀n.” Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ gíráàmù mọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọyì wúrà là ń tà á fún, mo sì rò pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi wúrà ṣe iṣẹ́ jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀ wo òǹtẹ̀ tí ẹlòmíràn fín ní ohun tó lé ní ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, ó sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kan náà.

Nínú yàrá ìwòran, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni bí a ṣe ń di owó mú. Etí rẹ̀ nìkan ni ìka gbọ́dọ̀ kàn, àtàǹpàkò lápá kan, ìka ìlábẹ̀ lápá kejì, lókè àwo tí wọ́n tẹ́ aṣọ rírọ̀ sí, kó lè jẹ́ pé orí aṣọ ló máa bọ́ sí bí ọwọ́ bá yọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, nítorí itọ́ tó tín-ín-rín tó ń ta jáde lẹ́nu máa ń fi àmì sílẹ̀. Wọ́n tún òǹtẹ̀ owó proof dán kí wọ́n tó lò ó, wọ́n sì dán wúrà tí wọ́n fẹ́ rọ náà, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ owó náà fi ń dán bíi dígí, tí àwòrán orí rẹ̀ sì rọ̀ lójú. Lórí irú ojú bẹ́ẹ̀, aṣọ mímọ́ lásán ń fa ìlà. Ẹ gbé e sábẹ́ iná kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀: bí wọ́n bá ti nù ún rí, ìlà tín-ín-tín-ín á kàn ṣàdédé yọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á kọjú síbì kan, wọ́n á tún pòórá bí ẹ bá yí i kọjá. Ìlà wọ̀nyẹn nìkan lè gé iye owó náà sí ìdajì tàbí kó gé e kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn dùn mí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn kí góòlù máa dán, ohun tó sì kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn bí wọ́n bá rí owó àtijọ́ nínú àpótí ìyá àgbà ni ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan gbé sovereign Victoria kan wá fún mi láti wò. Ó ti fi pólíìṣì nù ún títí tí irun orí ọba fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní òkè etí owó náà, mo rí ojú jíjó kékeré kan tó pupa ju wúrà ìyókù lọ. Ẹnìkan ti jó òrùka kékeré mọ́ ọn rí kí wọ́n lè fi í kọ́ ọrùn, wọ́n sì ti gé e kúrò. Ojú ilé alágbẹ̀dẹ ni mo fi mọ̀ ọ́n, ẹlòmíràn lè má rí i. Wúrà rẹ̀ ò dín, ó ṣì tó bó ṣe yẹ kó tó, ó lè rí i tà fún iye wúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń kó owó jọ ń sanwó lé lórí ti lọ, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tó lè dá a padà.

Èké, ìyẹn ayédèrú, pọ̀ lórí Una ju bí ẹ ṣe rò lọ. Owó tó bá gbajúmọ̀ tó báyìí, ayé á máa ṣe àwòkọ rẹ̀: bàbà tí wọ́n fi wúrà bò, òjé tí wọ́n dà, àní wúrà gidi pàápàá tí wọ́n fi òǹtẹ̀ tuntun rọ. Royal Mint fúnra wọn tún àwòrán náà gbé jáde ní 2019, iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe, àmọ́ orí Elizabeth Kejì ló wà níwájú èyí, kì í ṣe ti Victoria. Bí ẹnikẹ́ni bá fi fọ́tò ẹ̀yìn owó nìkan ránṣẹ́ sí mi, mo máa ń sọ fún un pé kó yí i padà kí ọ̀rọ̀ tó gùn.

Ní ti sovereign lásán, tí kì í ṣe proof, omi ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Ìmọ̀ yìí wà nílé wa, London ni mo sì ti rí i pé àwọn náà ń lò ó. Ẹ wọn owó náà nínú afẹ́fẹ́: gíráàmù 7.99 ni sovereign tó pé. Ẹ wá fi fọ́nrán òwú tín-ín-rín so ó, kí ẹ rì í sínú ife omi tó wà lórí ìwọ̀n, kó má kan ìsàlẹ̀ ife. Iye tí ìwọ̀n yóò fi lé sókè ni omi tí owó náà tì kúrò. Bí kárátì 22 bá ni, gíráàmù 0.45 tàbí ohun tó sún mọ́ ọn ni ẹ máa rí, nítorí wúrà kárátì 22 wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po bíi 17.7. Òjé kò pé ìlọ́po 12, bàbà kò pé ìlọ́po 9. Èké tí wọ́n fi òjé tàbí bàbà ṣe, tó tóbi bí ojúlówó, ò lè wúwo tó o, èyí tó bá sì wúwo tó o gbọ́dọ̀ nípọn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi wúrà gidi rọ yóò la omi kọjá láìsí ìyọnu. Ojú èèyàn ni ìdánwò rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń lo gbogbo ìgbà tí àyè bá yọ láti fi ka lẹ́tà ara owó. Kì í ṣe òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi rọ Una. Nínú ọ̀rọ̀ Látìnì ara wọn, àwọn kan ní DIRIGE, àwọn mìíràn tó ṣọ̀wọ́n ní DIRIGIT. Etí àwọn kan ń jọ̀lọ̀, wọ́n kọ lẹ́tà sí etí àwọn mìíràn. Ọ̀já irun ọbabìnrin náà kò rí bákan náà lára gbogbo wọn. Èké sábà máa ń pa ti òǹtẹ̀ kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn, torí ẹni tó ṣe é wo fọ́tò iwájú ibì kan, ó wo ti ẹ̀yìn níbòmíràn. Ọ̀gá mi rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ lójú mi, kí ó tó gbé awò rárá ni ó ti sọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwé. Owó tó bá ti ti ọwọ́ èèyàn kan dé ọwọ́ èkejì fún ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń ní àmì ara tirẹ̀: kínńkínní ìhá lẹ́bàá ẹsẹ̀ kìnnìún, àmì dúdú bí orí abẹ́rẹ́ lábẹ́ lẹ́tà kan. A máa ń gbé ìwé ọjà gbàǹjo àtijọ́ kalẹ̀, tí fọ́tò inú rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, a ó sì wá àmì wọ̀nyẹn. Bí wọ́n bá bára mu, a mọ ẹni tó ni ín nígbà yẹn, a mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí wọ́n rọ lánàá, iye rẹ̀ á sì gòkè. Nítorí náà, bí ẹ bá jogún owó àtijọ́ kankan, tí tíkẹ́ẹ̀tì bébà kékeré kan bá wà lábẹ́ rẹ̀, tí ẹnìkan fi tádàwà kọ nǹkan sí tí ẹ ò lè kà, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì ya á kúrò lára owó náà. Ẹ fi àwọn méjèèjì sínú ike tí kò ní PVC, irú èròjà ike rírọ̀ kan, nítorí PVC ń fi òróró aláwọ̀ ewé sára owó tó bá pẹ́. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí rẹ̀ lójú ọ̀sán, kí ẹ sì gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n láìfọ̀.